Ta Ló Ní Kí Ẹni Tó Yè Máa Fara Pamọ́?

Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí kì í ṣe ìwé tuntun. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà, kò sì nípọn. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kó sì kà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. The Cancer Journals ni orúkọ rẹ̀. Audre Lorde ló kọ ọ́, ọdún 1980 ló jáde. Ìtàn obìnrin tí jẹjẹrẹ mú lọ́mú ni, tí wọ́n gé ọmú náà kúrò, tí ó sì wà láàyè láti ròyìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa á ti fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá báyìí, nítorí orúkọ àrùn yẹn nìkan tó kí èèyàn fọwọ́ yí orí ká, kó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kì í ṣe àrùn ló jẹ́ kí n tún lọ fa ìwé náà yọ nínú àpótí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ wa ni.

Mo ní àbúrò ìyá mi kan tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí. Ìbàdàn ló ń gbé, àǹkárá ló ń tà. Nígbà tí mo ṣì wà nílé ìwé girama ni wọ́n sọ fún wa pé Àǹtí lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, pé ìfun ló ń dà á láàmú. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu kàn án mọ́. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń lọ sóde ìnáwó, ó ń wọ aṣọ ẹbí bíi ti gbogbo ayé, ó fa ọmọbìnrin mẹ́ta fún ọkọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó àbúrò mi rí kókó kan nínú ọmú rẹ̀. Kò dùn ún, nítorí náà kò kà á sí, títí ó fi tó ẹ̀kùrọ́, tó tún ju ẹ̀kùrọ́ lọ. Ìgbà tó sọ ọ́ jáde, gbogbo wa pé jọ sí pálọ̀, a ní ọsibítù ló ń lọ, kò sí àríyànjiyàn. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi, ẹyọ ẹnì kan, tó ní àìsàn yìí tí kò kú." Ẹnu wa wọhò. Àwọn tó kú la mọ̀. A mọ ìyá elépo tó wà ní ìkóríta, a mọ olùkọ́ àgbà kan, a mọ obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. A ò rí ẹni tó yè dárúkọ. Ní gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, Àǹtí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò fọhùn.

Ìyàwó àbúrò mi gba ilé àdúrà lọ, ó sì tún gba ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan lọ. Nígbà tó fi máa dé ọsibítù, ọmú ti di egbò, àrùn náà sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni ọdún 38 ni nígbà tí a sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ bùbá rẹ̀. Ọmú kan ló wà láyà rẹ̀. Èkejì, òun fúnra rẹ̀ ló rán an: àpò kékeré kan tó fi àjákù àǹkárá rán, tó fi òwú kún, tó da ẹ̀wà díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè wúwo bí èyí tí Ọlọ́run dá. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tì í bọ inú kọ́mú láràárọ̀. Ọkọ rẹ̀ àti ìyá mi nìkan ló mọ̀. Ó ti gbà kí n kọ èyí, bí mi ò bá sáà ti dárúkọ òun.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi tí mo fi tún ìwé Audre Lorde kà, ó sì yé mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akéwì ni obìnrin náà, aláwọ̀ dúdú. Ìlú New York ni wọ́n ti bí i ní 1934, àmọ́ láti àwọn erékùṣù Caribbean ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ó sì tún ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kò fi bò nínú ìwé rẹ̀ pé obìnrin bíi tirẹ̀ ni òun ń fẹ́. Ẹlòmíràn lè torí ìyẹn sọ ìwé náà sílẹ̀. Tèmi ni pé kókó inú ọmú kì í béèrè ẹni tí èèyàn ń fẹ́ kó tó yọ. Ní 1977 wọ́n rí kókó kan lára rẹ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta retí èsì, wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ní December ọdún náà ó dìde níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Chicago, ó sọ fún wọn pé nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ohun tó ká òun lára jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òun ti sọ tí òun gbé mì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló fi ṣe orí kìíní ìwé yìí. Ní September 1978 kókó mìíràn yọ, jẹjẹrẹ sì ni. Ẹni ọdún 44 ni nígbà tí wọ́n gé ọmú náà.

Bí ẹ bá ní kí n sọ èyí tó dára jù nínú ìwé náà, ohun kékeré méjì kan ni, tí ẹlòmíràn ì bá fò dá. Ó ṣì wà lórí ìdùbúlẹ̀ lọ́sibítù nígbà tí obìnrin kan wá bẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan lára àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n ń lọ káàkiri láti fi àwọn tuntun lọ́kàn balẹ̀. Obìnrin náà mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ẹnu rẹ̀ dùn, ó mú kọ́mú kan wá àti ìdì irun àgùntàn tí wọ́n ṣe bí ọmú, kí ó fi dí ibi tó ṣófo. Lorde gbé e sáyà wò. Àwọ̀ nǹkan náà pupa fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ara òyìnbó. Kò jọ pé ó wá sọ́kàn àwọn tó ṣe é pé aláwọ̀ dúdú náà ní ọmú! Ó yọ ọ́ kúrò.

Èkejì ni ti ọjọ́ kẹwàá, nígbà tó lọ kí wọ́n bá a tú òwú iṣẹ́ abẹ kúrò lára rẹ̀. Ó fọ irun, ó wọṣọ tó wù ú, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ṣì wà láàyè. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wò ó láyà, ó bi í pé kí ló dé tí kò fi nǹkan síbẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì fajú ro, ó ní bó ṣe wá yẹn kò dáa, pé ó ń ba ọkàn àwọn yòókù jẹ́. Ẹ tún un gbọ́ o. Ibi tí àwọn obìnrin tí ń bẹ̀rù ikú ti ń rí dókítà ni, ẹni tó yè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, wọ́n ní ìrísí rẹ̀ ń ba ọkàn jẹ́! Lorde ní nígbà tí Moshe Dayan, ọ̀gágun Ísírẹ́lì nì, ń bo ojú kan wá síwájú àwọn aṣòfin, ta ló ní kó lọ ki ojú dígí bọ̀ ọ́? Jagunjagun ni wọ́n ń pè é. Òun náà ti ogun bọ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo ìbínú inú ìwé náà ti ṣẹ̀. Àlàyé tó wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Ó ní bí gbogbo obìnrin tí wọ́n gé lọ́mú bá ń fi nǹkan dí àyà, wọn ò ní lè dá ara wọn mọ̀ mọ́, wọn ò sì ní lè ran ara wọn lọ́wọ́. Èmi á fi tèmi kún un. Òkú kì í fara pamọ́. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú pa, gbogbo àdúgbò ló rí bó ṣe rù, wọ́n gbọ́ òórùn egbò, wọ́n rí ìwé ìkéde ìsìnkú lára ògiri. Ẹni tó yè, kò sẹ́ni tó rí i. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn tó kú nìkan ni ojú wa ń kà, a wá ń sọ pé àìsàn náà kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a fojú ara wa rí ni, kò sì rọrùn láti fi ìkéde rédíò pa á.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ní ọdún 2022, àwọn obìnrin tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lọ́mú wọn káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 2.3, àwọn tó sì pa lọ́dún náà tó 670,000. Ikú yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wọn ara wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń yè é. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa, ìgbà tó bá ti wọ̀ wọ́n lára tán ni wọ́n ń dé ọsibítù, owó àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń ra oògùn. Mi ò ní fi ẹnu mi sọ pé ìtìjú nìkan ló ń pa wọ́n. Owó ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi kò tíì béèrè iye owó rárá kó tó pinnu. Orúkọ ẹni tó yè ló béèrè.

Orúkọ ẹyọ kan a sì máa ṣiṣẹ́. Ní September 1974, Betty Ford, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, wọn ò sì pè é ní ìfun. Wọ́n kéde rẹ̀ bó ṣe rí. Àwọn obìnrin tú jáde lọ yẹ ara wọn wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyàwó Nelson Rockefeller, ẹni tí wọ́n ti dárúkọ fún ipò igbákejì Ààrẹ, rí ti ara tirẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun náà. Ẹni ọdún 93 ni Betty Ford kó tó kú ní 2011. Nílẹ̀ tiwa níbí, Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu kò fi tirẹ̀ pamọ́. Ní 1997 ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ lórí àrùn yìí, ogún ọdún kí ọkọ rẹ̀ tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó yẹ kí á rántí dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ní pálọ̀. A ò rántí. Bóyá a tiẹ̀ rántí, ìyàwó gómìnà jìnnà sí ẹni tó ń bẹ̀rù. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ìyàwó àbúrò mi ń wá, kò sì mọ̀.

Ní October ọdọọdún, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àìsàn yìí, wọ́n á wọ aṣọ píǹkì, wọ́n á rìn gba títì kọjá, wọ́n á gbé pátákó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọsibítù: ọ̀dọ́mọbìnrin arẹwà kan, ọmú méjèèjì pé, ó ń rẹ́rìn-ín, lábẹ́ rẹ̀ wọ́n á kọ ọ́ pé kí á tètè lọ yẹ ara wa wò. Ọ̀rọ̀ náà dára, èmi náà ti kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn láìmọye ìgbà. Ohun tí mi ò tíì rí lára pátákó ni ìyá aláṣọ ẹni ọdún 65 tó ti ṣe é ní ogún ọdún sẹ́yìn. Lorde ṣe ohun tí pátákó wa kò ṣe. Ó jẹ́ kí á rí ọjọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kejì, oṣù kẹfà: ìrora ní ibi tí ẹran ara kò sí mọ́, ẹkún òru, ẹ̀rù tó ń wọlé nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò bá ti lọ tán.

Níbi tí mo ti yapa sí i nìyí. Lorde bá nọ́ọ̀sì jà, ó bá àwọn tó ń ta ọmú àtọwọ́dá jà. Lóòótọ́, ó ní ohun tó bá wu obìnrin ni kó ṣe, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kà á lọ, á rí i pé lójú rẹ̀, ẹni tó ń fi nǹkan dí àyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ juwọ́ sílẹ̀ fún wọn. Mo ka ibi ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn fún Àǹtí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyẹn rí nọ́ọ̀sì bá jà. Èmi fúnra mi ni nọ́ọ̀sì mi." Mo ní, kí ló dé, mà? Ó ní, "Ọmọbìnrin mẹ́ta, ìwọ náà wò ó."

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ ohun tó ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀, àwọn àgbà á ṣe ìwádìí. Ṣé wèrè ò sí nílé wọn? Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Jẹjẹrẹ náà ti wọ inú ìwé yẹn. Àǹtí kò fi òwú sáyà nítorí ẹwà, kò sì sẹ́ni tó tà á fún un. Ó fi òwú àti ẹ̀wà ra ilé ọkọ fún ọmọ mẹ́ta. Ìwé Lorde kò rí irú obìnrin yìí, kò sì yẹ kí á bá a wí, New York ló ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ìbínú rẹ̀ wá síhìn-ín bó ṣe wà, tó ní kí gbogbo obìnrin tó ń dí àyà wá tú u síta lọ́jà, òun náà ti di nọ́ọ̀sì nìyẹn. Ó ń pàṣẹ ohun tó máa wà láyà ẹlòmíràn.

Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún kọ́ sí. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn gan-an ló yẹ kó mọ̀. Jẹjẹrẹ ọmú kì í ràn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe àjogúnbá, ṣùgbọ́n èyí tó ń ba ìdílé rìn wà níbẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá ní i gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ fún dókítà, kí wọ́n lè tètè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́bí Àǹtí ti lé ní ogójì ọdún. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ yìí, ìfun ló mọ̀.

Apá kan wà nínú ìwé náà tí ì bá wù mí kí wọ́n kà sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Lorde rí ibi tí dókítà kan ti kọ ọ́ pé ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn dénú kì í ní jẹjẹrẹ. Ó fi ìbínú já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, pé wọ́n fẹ́ di ẹ̀bi ru aláìsàn ni. Tiwa kì í ṣe ti inú dídùn, ṣùgbọ́n ẹrù ẹ̀bi tiwa náà wúwo. Wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n á ní obìnrin náà ti ṣe nǹkan kan rí. Wọ́n á ní owó tó ń tì bọ kọ́mú ló fà á. Kò sí òótọ́ kankan nínú ti owó yẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ọjà Dùgbẹ̀ ì bá ti tú tipẹ́.

Ìwé náà ní àléébù. Àwọn àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ inú rẹ̀ kò tò létòlétò, ó ń padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ó dárúkọ àwọn obìnrin jagunjagun Dàhómì, ó ní wọ́n ń gé ọmú kan kí wọ́n lè rí ọrun fà. Ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin Dàhómì wà lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ ìyẹn fún ará Ẹ̀gbá, nítorí wọ́n wà nínú ogun tí Ọba Gezo gbé wá sí Abẹ́òkúta ní 1851. Ìbọn ni wọ́n gbé wá, ọmú wọn sì pé. Ṣùgbọ́n mo dárí jì í. Ẹni tí wọ́n gé lọ́mú ń wá ìyá ńlá tó lè fara wé, ọ̀nà ilẹ̀ wa ló kọjú sí. Ìwé ewì rẹ̀ tó jáde ní 1978, The Black Unicorn, orúkọ àwọn òrìṣà wa wà nínú rẹ̀. Kó tó kú, wọ́n tún sọ ọ́ lórúkọ ní ìlànà Áfíríkà, Gamba Adisa. Àwa mọ̀ pé oríkì ọkùnrin ni Àdìsá, àmọ́ kò kúkú burú fún ẹni tó pe ara rẹ̀ ní jagunjagun.

Èyí tí mi ò lè gbójú fò ni ti ẹ̀yìn rẹ̀. Àrùn náà padà, ó dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní 1984, kò sì gbà kí àwọn dókítà gé níbẹ̀ yẹ̀ wò. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ nínú A Burst of Light tó jáde ní 1988. Ó kú ní November 1992, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn ìgboyà rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e lórí ìyẹn.

Lọ́jọ́ tí mo kàwé fún Àǹtí yẹn, nígbà tí mo fẹ́ dìde, ó ní ṣé àwòrán obìnrin náà wà níbẹ̀. Mo fi èyí tó wà lẹ́yìn ìwé hàn án. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Èyí ò jọ ẹni tí wọ́n lè rẹ́ jẹ." Mo na ọwọ́ láti gba ìwé mi. Ó ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, Gẹ̀ẹ́sì ni o." Ó ní òun mọ̀, pé àkọ́bí òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè kà á fún òun.